Àparò, Òjò àti Iná Pápá ní Agbègbè Ọ̀rẹ̀ òun Odígbó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin kọjá rí yóò mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Ọ̀rẹ̀ ni ẹran ìgbẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní ẹ̀bá títì. Ọ̀yà ni yóò kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ẹtu àti òkété, a sì máa rí àparò nígbà mìíràn, tí a fi okùn so lẹ́sẹ̀ ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn èrò ọkọ̀ a na ọwọ́ sí i, wọn a ná an, wọn a sì kọjá lọ sí Èkó tàbí sí Benin láìbéèrè bí ó ti ṣe dé ibẹ̀. Àwa tí a ń gbé ilẹ̀ yìí ni ìbéèrè náà kàn. Kí ni ó ń mú kí àparò pọ̀ ní ọdún kan, kí ó sì wọ́n bí ojú ní ọdún kejì?

Bí a bá gbé e síwájú àwọn ọdẹ, òjò ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọn a ní òjò ọdún yìí ti pọ̀ jù, tàbí pé kò tètè dé, tàbí pé ọyẹ́ tí ó fẹ́ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ igbó jù. Àwọn àgbẹ̀ ní tiwọn a máa dá ìbọn lẹ́bi. Wọn a ní ọdẹ ti pọ̀ ju ẹran lọ. Òtítọ́ wà nínú èkíní, ó sì wà nínú èkejì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wúwo jù lọ nínú ọ̀ràn yìí, lójú tiwa, ni èyí tí a kì í tó mẹ́nu bà, èyíinì ni ibùgbé ẹyẹ náà: pápá, àti ilẹ̀ tí a pa tì kí ó lè sinmi láàrin oko kan àti èkejì. Bí ibùgbé bá ṣì wà, àparò a máa la ọdún burúkú já. Bí ibùgbé bá ti lọ, òjò tí ó dára jù lọ kò lè dá a padà.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹyẹ tí à ń wí. Àparò tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá kò ju ìwọ̀n adìyẹ kékeré lọ. Akọ rẹ̀ ní ìwo ṣóńṣó méjì ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, irú èyí tí àkùkọ adìyẹ fi ń jà, èyí náà ni àwọn onímọ̀ sì fi sọ ọ́ lórúkọ. A ń rí i láti ilẹ̀ Senegal títí dé Cameroon, díẹ̀ sì wà ní Morocco ní òkè lọ́hùn-ún. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti gbẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn baba wa fi ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé kì í fọ aṣọ. Aṣọ tí kò fọ̀ náà ni ó sì ń gbà á là: bí ó bá lúgọ sínú koríko gbígbẹ, ọdẹ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ó tó fò pìrì.

Ilẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí. Lábẹ́ ìdí koríko ni yóò ti wa ihò pẹlẹbẹ kan, tí yóò yé ẹyin bíi márùn-ún sí méje sí i, tí yóò sì sàba lé e fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní kété tí àwọn ọmọ bá ti jáde ni wọ́n ń rìn tẹ̀lé ìyá wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lè fò. Ìyẹ́ wọn kò tíì lè gba òjò dúró, bí òjò bá sì pa wọ́n pẹ́, òtútù a gba ẹ̀mí wọn. Àgbà àparò lè jẹ hóró koríko, àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Ọmọ rẹ̀ kò lè fi ìwọ̀nyí nìkan dàgbà. Kòkòrò ni ó nílò ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ikán, eèrà, tata kéékèèké, ìdin. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé ilẹ̀ ni ẹyin wà, tí ó sì mọ̀ pé kòkòrò ni ọmọ ń jẹ, kò ní ṣòro fún un láti mọ ìdí tí ojú ọjọ́ àti koríko fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹyẹ yìí.

Òwe wa ní ọgba ni gbogbo àparò, kò sí èyí tí ó ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, àfi èyí tí ó bá gun orí ebè. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà ti wo àparò lóko dáadáa, nítorí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni akọ a máa gun orí ebè tàbí òkìtì ọ̀gán láti ké. Òwe náà sì tún jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹyẹ ibi tí a ti ń kọ ebè ni àparò. Kì í ṣe ẹyẹ ẹgàn.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹgàn sì ni ilẹ̀ Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ sábà máa ń ju 1,500 mìlímítà lọ lọ́dún. Igbó tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ń hù kì í jẹ́ kí oòrùn kan ilẹ̀, níbi tí oòrùn kò bá sì ti kan ilẹ̀, koríko kì í hù. Ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà nínú èyí tí ó ṣẹ́kù nínú igbó ọba Olúwa, tí a pín sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n tí ó lé ní 800 kìlómítà onígun mẹ́rin. Àwọn ìbátan àparò mìíràn ni ó ni irú igbó bẹ́ẹ̀: àparò kékeré kan tí ń gbé inú òkùnkùn igbó, àti awó inú ẹgàn tí ó ní ìyẹ́ dúdú wíwọ́ lórí bí ẹni dé fìlà. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹgàn náà fún pákó, fún kòkó, fún iṣu àti gbágùúdá, awó inú ẹgàn pàdánù, ṣùgbọ́n àparò oko jèrè. Ọ̀nà tí a là, etí abúlé, oko tí a pa tì, gbogbo rẹ̀ di ilé fún un. Ó yẹ kí a sọ èyí jáde, nítorí àwọn kan ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo igi tí a bá gé ni ó ń pa gbogbo ẹyẹ lára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n.

Ibi tí ìwọ̀n náà ti yí padà ni pé ilẹ̀ kò sinmi mọ́. Ní àtijọ́, àgbẹ̀ a ro ilẹ̀ kan fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a sì fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó padà sí i. Ilẹ̀ tí ń sinmi yìí, tí koríko àti igi kéékèèké dàpọ̀ lórí rẹ̀, ni abúlé àparò gan-an: ó ní ibi ìpamọ́, ó ní hóró koríko, ó ní kòkòrò. Lónìí, ilẹ̀ tí kò bá sí lábẹ́ kòkó a wà lábẹ́ ọ̀pẹ, èyí tí kò bá sí lábẹ́ ọ̀pẹ a sì máa gba gbágùúdá lọ́dọọdún. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni ìjọba pẹ̀lú ti gbin igi gmelina lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú igbó ọba Olúwa, pé kí ó di bébà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ní Ìwópin. Ilé iṣẹ́ náà kò ṣe bí a ti ń retí. Igi náà dàgbà, ó ṣíji bo ilẹ̀, àparò kò sì ní ohun tí yóò ṣe lábẹ́ rẹ̀.

Gmelina yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ sọ pé ó gbé àlejò mìíràn wọ̀lú. Nínú irúgbìn rẹ̀ tí a kó wá láti Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka nísinsìnyí, ni irúgbìn ewé kan bá wọlé ní nǹkan bí ọdún 1937. Ewé náà ni ó bo ẹ̀bá ọ̀nà gbogbo lónìí. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólówọ̀, àwọn mìíràn ń pè é ní Akíntọ́lá-ta-kú, nítorí bí a ti ń tu ú tó ni ó ń kọ̀ láti kúrò. A kò ní fi ewé dá ẹjọ́ òṣèlú ọdún 1962 lójú ìwé yìí. Kí olúkúlùkù pè é bí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ti kọ́ ọ. Ohun tí ó kan àparò ni pé níbi tí ewé náà bá ti dì, ó ń fún koríko lọ́rùn pa, nígbà tí ọyẹ́ bá sì gbẹ ẹ́, ó ń gba iná ju koríko lọ.

Èyí mú wa dé ọ̀rọ̀ iná. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni àwọn ènìyàn wa ń ṣán oko tí wọ́n sì ń sun ún. Iná kékeré tí a ṣọ́, tí a sì ti ro ààlà rẹ̀, kò burú fún àparò. Koríko tútù a tètè yọ lórí eérú, ikán a sì jáde. Iná tí ó ré ààlà kọjá ni ọ̀tá. Ẹyin tí ó wà lábẹ́ ìdí koríko kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá. Ìyá tí ń sàba a máa dúró títí iná yóò fi kàn án nígbà mìíràn. Èyí tí ó bá sì fò, àwọn ọdẹ ti wà ní etí iná pẹ̀lú ṣakabùlà, àwọn ọmọ wà pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá, àṣá sì wà lókè. Àwọn àgbàlagbà àgbẹ̀ kò tíì gbàgbé ọdún 1983, nígbà tí ọ̀dá àti ọyẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìparí 1982 le tó bẹ́ẹ̀ tí iná fi jó ọ̀pọ̀ oko kòkó ní ìpínlẹ̀ Òndó, tí ó sì jó irú rẹ̀ ní Ghana pẹ̀lú. Kòkó ni gbogbo ayé sunkún lé lórí ní ọdún náà. Ta ni yóò ka ẹyin àparò?

Ohun kan wà tí ń tan ọdẹ jẹ lẹ́yìn iná. Àwọn àparò tí ó bá là á já a máa kó ara wọn jọ sínú ìwọ̀nba koríko tí ó ṣẹ́kù, pàápàá ní etí àkùrọ̀ àti ní bèbè odò. Ọdẹ tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí ogún níbi tí kì í ti í rí ju mẹ́rin lọ, yóò sì padà wálé pẹ̀lú ìròyìn pé ọdún yìí àparò pọ̀. Kò mọ̀ pé gbogbo àparò abúlé márùn-ún ni ó rí níbi kan. Bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá pa wọ́n tán níbẹ̀, ọdún tí ń bọ̀ ni wọn yóò sọ pé òjò ni ó lé ẹyẹ lọ.

Ní ti òjò fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣiṣẹ́, wọ́n sì lòdì sí ara wọn. Àkọ́rọ̀ òjò tí ó bá dé lásìkò a mú koríko yọ, kòkòrò a tẹ̀lé koríko, ìyá àparò a sì rí ibi tí yóò kó ọmọ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n òjò líle tí ó bá rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin léraléra nígbà tí ọmọ ṣì kéré a máa pa wọ́n. Ìgbà tí ó burú jù ni èyí tí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Koríko tí ó yọ a rọ, kòkòrò a wọ́n, àgbàdo àwọn àgbẹ̀ pẹ̀lú a sì kú sínú ilẹ̀. Lọ́dọọdún ni NiMet, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ojú ọjọ́, ń kéde ìgbà tí ó rò pé òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bí ọ̀dá àárín oṣù Kẹjọ yóò ti gùn tó. Àwọn àgbẹ̀ nìkan ni a rò pé ìkéde yìí wà fún. Ó yẹ kí àwọn olúọdẹ náà máa gbọ́ ọ.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni a ti ń jiyàn lórí òjò àti ibùgbé. Ẹyẹ kan wà tí àwọn òyìnbó ń pè ní pheasant, tí ó jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà pẹ̀lú àparò. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti wá. Ní nǹkan bí 1881 sí 1882 ni aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà kan ní Shanghai, Owen Denny, fi í ránṣẹ́ sí Oregon, lẹ́yìn náà ni ó sì gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí ọdẹ rẹ̀ fi di ohun tí ń mú owó ńlá wọlé. Ní ìpínlẹ̀ Iowa, láti ọdún 1962, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa wa ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ gba ojú ọ̀nà kan náà ní oṣù Kẹjọ, ní kùtùkùtù nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, wọn a sì máa ka ẹyẹ tí ó bá jáde wá gbẹ ara rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Láàrin 2007 sí 2011, yìnyín àti òjò pọ̀ jù ní ọdún márùn-ún léraléra, iye tí wọ́n sì kà ní 2011 kéré ju gbogbo èyí tí wọ́n ti ń kà bọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò gbà pé ojú ọjọ́ ni ọ̀gá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo South Dakota. Ní 1985, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí ó fi ń san owó fún àgbẹ̀ tí ó bá jẹ́ kí koríko hù lórí ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá lè wọ́ lọ, tí ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pheasant rọ́ wọ inú koríko náà, ó sì bí sí i. Lẹ́yìn 2007, owó àgbàdo gòkè, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì tún ilẹ̀ wọn kọ. Nígbà tí ọ̀dá dé ní 2012, tí ìgbà ìrúwé 2013 sì tutù tí ó rin gbindin, ẹyẹ náà já wálẹ̀ gidigidi. Ọ̀dá àti òtútù ti wà níbẹ̀ rí. Koríko tí àwọn ẹyẹ ìbá fara pamọ́ sí ni kò tó mọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ọ̀gbẹ́ni Dick Potts bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Sussex ní 1968 lórí ẹyẹ kan tí ó jọ àparò wa púpọ̀. Ohun tí ó rí ni pé oògùn apakoríko tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kò kan ẹyẹ náà fúnra rẹ̀. Ó pa koríko, kòkòrò tí ń gbé ara koríko sì lọ, ebi sì pa àwọn ọmọ ẹyẹ.

Kò sí àní-àní pé ọ̀rọ̀ Sussex yìí kàn wá ju ti Iowa lọ. Ẹ wọ ọjà Ọ̀rẹ̀ lónìí, ẹ ó rí ike oògùn apakoríko tí a tò kalẹ̀ bí ẹni ta epo. Àgbẹ̀ tí kò rí alágbàṣe kò ní ṣe kí ó má rà á, a kò sì lè bá a wí, nítorí owó tí a ń san fún ẹni tí yóò ro oko ti ju agbára ọ̀pọ̀ lọ. NAFDAC ti fi òfin de paraquat láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, àwọn oògùn mìíràn sì ṣì wà lọ́jà. Ohun tí a lè bẹ àgbẹ̀ ni pé kí ó má fọ́n ọn dé ààlà. Kí ó fi koríko ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá péré sílẹ̀ láàrin oko rẹ̀ àti ti ẹnìkejì rẹ̀. Yóò bi wá pé, ṣé nítorí àparò tí ń hú àgbàdo òun jẹ? Òótọ́ ni, olè ni àparò ní ọ̀sẹ̀ tí a bá gbin àgbàdo. Ní ìyókù ọdún, tata àti ikán ni ó ń kó jẹ lóko kan náà, kò sì gba owó iṣẹ́.

Àwọn ọdẹ ńkọ́? Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Nítorí náà a kò ní jókòó sí ìdí tábìlì wa ní ọ́físì kí a sọ fún ọdẹ pé kí ó gbé ìbọn kọ́. Ohun tí a ń wí kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ Ọ̀rẹ̀ àti ti Odígbó fi ohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò ní yìnbọn ní etí iná, pé a kò ní kó ẹyin àparò nílẹ̀ mọ́, àti pé pápá etí àkùrọ̀ tí àwọn tí ó la iná já sá sí yóò wà láìfọwọ́kàn títí àkọ́rọ̀ òjò yóò fi rọ̀. Láti 2020 tí a ti dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ti fi hàn pé àwọn lè ṣọ́ ìlú. Ẹni tí ó lè ṣọ́ ìlú lè ṣọ́ iná.

Ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Nígbà tí àwọn olùdíje bá tún dé láti tọrọ ìbò, kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, bi wọ́n léèrè iye abúlé tí ó ní ẹni tí a yàn tí a sì ń sanwó fún láti máa ṣọ́ iná láàrin oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ títì dá yín lóhùn.

Ní ti ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kò sí ẹni tí ń ka àparò ní agbègbè yín bí wọ́n ti ń ka pheasant ní Iowa, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí àríyànjiyàn ọdẹ àti àgbẹ̀ kò fi lè parí. Àwọn ọmọ ilé-ìwé yín ń gba ojú ọ̀nà oko kọjá ní àárọ̀ kùtùkùtù, ní wákàtí tí àparò ń ké. Kí ọmọ mẹ́rin láti abúlé mẹ́rin máa dúró ní ibi kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n ka iye àparò tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́, oṣù, àti bóyá iná ti jó ibẹ̀ tàbí kò tíì jó o. Agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gbọn-ọn-gbọn, tí a gbé sí gbangba nínú ọgbà ilé-ìwé, tó láti fi wọn òjò. Kí a ti rúlà bọ̀ ọ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí a kọ iye mìlímítà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye àparò, kí a sì da omi náà nù kí òjò mìíràn tó dé. Ọdún mẹ́ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ilé-ìwé méjì péré, ọ̀kan ní Ọ̀rẹ̀, èkejì ní Odígbó, ni a ó kọ́kọ́ nílò, a ó sì fi ayọ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ìwé yìí.